Iyọ̀ Ọdún 2014 àti Ojú-Ìwé Tí A Kò Tẹ̀

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ, ọdún 2014 tó mọ́, fóònù mi dún ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ pè láti Ìbàdàn. Ó ní kí n dìde, kí n bu iyọ̀ sínú omi gbígbóná, kí n fi wẹ̀, kí n sì mu nínú rẹ̀. Ó ní kí n jí àwọn ọmọ kí àwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀ kí oòrùn tó yọ, nítorí pé ohun kan ṣoṣo tí ó lè dènà àrùn Ebola nìyẹn. Ẹni kejì tí ó pè jẹ́ ọ̀rẹ́ tí a jọ ka ìwé ní yunifásítì. Ẹni kẹta ni ìyá mi. Wọ́n ti mu tiwọn tán kí wọ́n tó pè mí.

Kò tíì pé ogúnjọ́ nígbà náà tí àrùn ọ̀hún fi ti pápákọ̀ òfurufú wọ Èkó. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ sì ti yí ilẹ̀ Nàìjíríà ká kí àwọn dókítà tó jí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìròyìn jáde pé ènìyàn méjì ti kú nítorí omi iyọ̀ àmujù, àti pé wọ́n ti gbé àwọn mìíràn dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Ebola kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Iyọ̀ ni ó pa wọ́n.

Mo wà lára àwọn tí ń jókòó sí ìpàdé àárọ̀ ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan nígbà náà. Ohun tí a jíròrò ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni ojú-ìwé tí ìròyìn iyọ̀ yóò wà àti bí àkọlé rẹ̀ yóò ti tóbi tó. Kò sí ẹni tí ó béèrè, èmi náà kò sì béèrè, pé kí ni àwa tí a ń pe ara wa ní akọ̀ròyìn ti sọ fún àwọn ènìyàn láàárín gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. A ti tẹ ọ̀rọ̀ mínísítà. A ti tẹ iye àwọn tí ó kó àrùn náà. A ti tẹ ìjà tí àwọn olóṣèlú ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí ó yẹ kí ó tètè ti ẹnubodè. Ṣùgbọ́n a kò tẹ ìlàjì ojú-ìwé kan tí ó ṣàlàyé ohun tí ń jẹ́ Ebola, ọ̀nà tí ó ń gbà ràn, àti ìdí tí iyọ̀ kò fi lè ṣe é ní nǹkan kan.

Kì í ṣe pé àlàyé náà le. Ẹni tí ó bá ti fi iyọ̀ pa ẹja lára rí mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí omi yóò fi máa sun jáde lára ẹja náà. Iyọ̀ a máa fa omi. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò máa fa omi kúrò nínú àwọn ẹ̀yà ara, títí kan ọpọlọ, yóò sì di ẹrù tí ó wúwo jù fún ọkàn àti kíndìnrín. Kòkòrò àrùn Ebola ní tirẹ̀ ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, èébì, òógùn àti àwọn omi ara mìíràn. Ẹni tí omi ara aláìsàn tàbí ti òkú bá kàn ní ó wà nínú ewu, kì í ṣe ẹni tí kò wẹ iyọ̀. Gbólóhùn bí mélòó kan nìyẹn. Ìyá mi ìbá kà á, ìbá yé wọn, wọn ìbá sì da omi iyọ̀ wọn nù.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé gbèsè kan wà lọ́rùn àwa oníwèé ìròyìn Yorùbá tí a kò tíì san. Ìròyìn kò wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n wa ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn ṣáájú wàhálà, ní èdè tí wọ́n fi ń rò, nínú ìwé tí wọ́n ń fi owó ara wọn rà nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àrùn kì í dúró de ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò bá ti mọ ohun tí kòkòrò àrùn jẹ́ kí ọjọ́ ewu tó dé, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pè é lórí fóònù ní òru ọjọ́ náà ni yóò di olùkọ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, sáyẹ́ǹsì náà ni ó gbà wá. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ẹni tí ó gbé àrùn náà wọlé jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá gbogbo ẹni tí ó ti súnmọ́ àwọn aláìsàn náà rí; àwọn 894 ni wọ́n rí, wọ́n sì ń lọ láti ilé dé ilé láti wo bóyá ara ẹnikẹ́ni nínú wọn gbóná. Ogún ènìyàn ni ó kó àrùn náà ní orílẹ̀-èdè tí ó ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn, mẹ́jọ kú, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 20, oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi ẹni mẹ́wàá ní ọjà kan lónìí pé kí ni ó lé Ebola lọ. Ẹ ó gbọ́ àdúrà, ẹ ó gbọ́ orógbó, ẹ ó gbọ́ iyọ̀. Èmi náà gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé kò yẹ kí ó parẹ́ kúrò lórí ahọ́n wa, nítorí pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ni a ó tún gbà ní ọjọ́ mìíràn.

Ní ilẹ̀ ibòmíràn, ìwé tí mẹ̀kúnnù ń rà ni ó gbé irú ìmọ̀ báyìí wọ ilé. Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ìlú London, kò ka ìwé púpọ̀ ní ilé-ìwé. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń rán ìwé pọ̀ ni ó ti kọ́ṣẹ́, ó sì ń ka àwọn ìwé tí àwọn oníbàárà bá gbé wá. Ọ̀kan nínú wọn ni ìwé tí obìnrin kan, Jane Marcet, fi ọ̀rọ̀ ìtàkùrọ̀sọ kọ nípa ìmọ̀ kẹ́mísìrì, kí ẹni tí kò lọ sí yunifásítì lè lóye rẹ̀. Ní ọdún 1831, ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí ṣàwárí bí a ṣe lè fi òòfà tí ń yí mú iná mànàmáná jáde. Gbogbo jẹnẹrétọ̀ tí ń pariwo lẹ́yìn ilé wa lónìí, ọmọ-ọmọ àwárí náà ni. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1845 ni Scientific American bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ olójú-ìwé mẹ́rin tí ń ròyìn àwọn ẹ̀rọ tuntun. Títí di òní ni ó ṣì ń jáde.

Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó jọ tiwa jù lọ kò sí ní London tàbí New York. Kerala ni ó wà, ìpínlẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Malayalam. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni ó jọba lé wọn lórí bí wọ́n ti jọba lé wa lórí, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀mọ̀wé wọn fi ń kẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa. Ní ọdún 1962, ìwọ̀nba àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti òǹkọ̀wé kóra jọ ní ìlú Kozhikode, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kerala Sasthra Sahithya Parishad. Lítíréṣọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè abínibí wọn ni wọ́n torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1966, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà kan tí ń jẹ́ Sasthragathi fún àwọn àgbà. Ní 1969, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Sasthrakeralam fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Ní 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ Eureka fún àwọn ọmọ kéékèèké.

Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà. Àwọn ni wọ́n ń kọ̀wé sí i, àwọn náà ni wọ́n ń gbé e lọ́wọ́ láti abúlé dé abúlé. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìwé nìkan kò tó, wọ́n kó eré ìta gbangba pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń fi orin àti eré ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì ní oríta. Nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ìdídò ńlá sí àárín igbó àtayébáyé kan tí ń jẹ́ Silent Valley, ẹgbẹ́ yìí ni ó fi ìṣirò àti àlàyé han ará ìlú bí àdánù náà yóò ti pọ̀ tó. Ariyànjiyàn náà le, ṣùgbọ́n ìjọba jáwọ́, igbó náà sì di ọgbà ìtọ́jú ẹranko àti igi ti orílẹ̀-èdè ní ọdún 1984. Ní ọdún 1996, wọ́n gba ẹ̀bùn Right Livelihood, èyí tí gbogbo ayé mọ̀.

N kò sọ pé Kerala àti ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọkàn-ùn-kan. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ, tí ó mọ̀ ọ́n kà, ti pọ̀ níbẹ̀ kí ẹgbẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Wọn kò dúró de ìjọba. Wọn kò dúró de ìgbà tí èdè wọn yóò ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo nǹkan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ń jáde.

Àwa náà kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n sì ń tà á. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú Akéde Èkó láàárín 1929 sí 1930, ará Èkó ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí oúnjẹ. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú wa rántí Atọ́ka, ìwé tí ń fi fọ́tò tò ìtàn eré àwọn òṣèré alárìnjó sójú ìwé, tí ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé kíkà ń ka Atọ́ka tán ní ìjókòó kan. Ẹ fojú inú wò ó: fọ́tò méjìlá tí ó tò ìtàn bí ẹ̀fọn ṣe ń gbé ibà láti ara ẹnì kan lọ sí ara ẹlòmíràn, tí òṣèré tí gbogbo wa mọ̀ jẹ́ aláìsàn, tí ẹlòmíràn jẹ́ dókítà. Kí ni ó ní kí ó má tà?

Àwọn kan yóò sọ pé èdè Yorùbá kò lè gbé ẹrù sáyẹ́ǹsì. A ti dá irú wọn lóhùn láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọn kò fi Gẹ̀ẹ́sì dù wọ́n. Olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dájú ni ó ń kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tí a yí èdè ẹ̀kọ́ wọn padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ tayọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dán èdè náà wò níhìn-ín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí ó ti da ọ̀pọ̀ ìdílé láàmú. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS. Ara wọn le, kò sí ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí í ṣe SS. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn bàbá wa pè ní àbíkú, tí wọ́n fi abẹ sí lára kí wọ́n má baà padà wá, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àìsàn yìí ni ó pa wọ́n.

Ẹ mú ọmọ ayò mẹ́rin. Ẹ fún bàbá ní méjì, ẹ fún ìyá ní méjì. Ẹ fi ẹfun kun ẹyọ kan nínú ti bàbá àti ẹyọ kan nínú ti ìyá. Èyí tí a kùn ni S, èyí tí a kò kùn ni A. Nígbà tí oyún bá dúró, olúkúlùkù wọn yóò di ojú, yóò sì mú ẹyọ kan sílẹ̀ fún ọmọ. Ọ̀nà mẹ́rin ni ó lè gbà já: kí àwọn méjèèjì mú A, kí bàbá mú A kí ìyá mú S, kí bàbá mú S kí ìyá mú A, tàbí kí àwọn méjèèjì mú S. Ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin ni SS. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣì í gbọ́ nìyí: wọ́n rò pé bí àwọn bá bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ SS, àti pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ ẹ, àwọn yòókù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kó ọmọ ayò padà sọ́wọ́, tí wọ́n sì ń di ojú mú lákọ̀tun. Tọkọtaya lè bí mẹ́ta tí kò sí SS níbẹ̀. Wọ́n sì lè bí méjì tí méjèèjì jẹ́ ẹ.

Ìgbà kan wà tí mo kọ àlàyé ọmọ ayò yìí sínú ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n fún mi ní ààyè. Oníbàárà kan ni ó fa ìpolówó rẹ̀ yọ ní alẹ́, ojú-ìwé sì ṣófo. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, lẹ́tà àti ìpè tí a gbà lórí rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀rọ̀ ìdìbò lọ. Mo rí télọ̀ kan ní Mushin tí ó gé e, tí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán àwọn àrà aṣọ. Ó ní àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ń wá dán aṣọ ìgbéyàwó wò ni òun fẹ́ kí ó máa kà á. Mo gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, mo lọ bẹ olóòtú pé kí ó fún wa ní ojú-ìwé kan lọ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní sáyẹ́ǹsì kì í ta ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, oníbàárà ìpolówó náà padà wá.

N kò bá olóòtú náà jà. Owó oṣù gbogbo wa ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ kò tọ̀nà. Sáyẹ́ǹsì tí kì í ta ni èyí tí a kọ bí ẹni ń ka ìwé òfin. Ẹni tí ń ra ìwé ìròyìn fẹ́ mọ ohun tí ó kan ilé rẹ̀. Ẹ wo ti jẹnẹrétọ̀. Kò sí ọdún tí a kì í gbọ́ pé ìdílé kan sùn, wọn kò jí mọ́, jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. A óò kọ ọ́ pé èéfín ni. Àwọn ará àdúgbò yóò sọ pé ọ̀tá ni, nítorí pé wọn kò rí èéfín kankan nínú yàrá náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé wọn kò rí i. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára ẹ̀rọ náà kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ohun tí ó ń ṣe rèé: ẹ̀jẹ̀ wa dà bí ọkọ̀ dáńfó tí ń kó afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ sí gbogbo ara. Bí afẹ́fẹ́ olóró yìí bá wọ ọkọ̀, yóò jókòó sórí àga, kò sì ní fẹ́ sọ̀ mọ́. Ó ń lẹ̀ mọ́ àga náà ju afẹ́fẹ́ rere lọ ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láìpẹ́, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún èrò tí ó yẹ kí ó gbé. Ọpọlọ ni ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tí ó ti sùn kò fi ní mọ̀ kí ó tó sá jáde. Ẹni tí ó bá ti ka èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, kò sì ní wá ọ̀tá kiri àdúgbò.

Mo mọ̀ pé ewu wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ìwé ìròyìn wa kan ń tẹ ìpolówó oògùn gbogbonìṣe tí ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ìtọ̀ ṣúgà, èjìká ríro àti àìríbí lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé àwọn onímọ̀ ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí ojú-ìwé sáyẹ́ǹsì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀, tí a kò sì sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì, a ti ba tiwa jẹ́. Kì í ṣe pé ewé àti egbò kò níye lórí. Oògùn ibà tí ń jẹ́ artemisinin, ara ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti rí i. Ohun tí ó sọ ọ́ di oògùn tí gbogbo ayé gbà ni pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n fi í wé oògùn mìíràn, wọ́n sì kọ ibi tí kò ti ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí ojú-ìwé sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ máa kọ́ ènìyàn jù lọ nìyẹn: báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ẹni tí ó bá ti kọ́ láti máa béèrè ìbéèrè yìí, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ oníṣègùn, lọ́wọ́ mínísítà tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ó pè é ní òru nítorí iyọ̀, ó ti gba ìdajì ààbò.

Èéṣe tí mo fi ń pariwo èyí nísinsìnyí? Ní òpin oṣù kọkànlá, ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A yọ̀. Ní oṣù kọkànlá, ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnikẹ́ni lè bá ìjọba jiyàn lórí rẹ̀, èmi náà yóò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ilé-ìwé bá ti ilẹ̀kùn mọ́ èdè wa, ìwé ìròyìn, ìwé àtìgbàdégbà àti rédíò ni ilẹ̀kùn tí ó kù. Kò sí mínísítà tí ó lè sọ fún wa pé kí á má ṣàlàyé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá nínú ìwé tí a fi owó wa tẹ̀. Bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ẹnì kan yóò ní àwọn tí ó ń ka Yorùbá kò pọ̀ mọ́. Kí ó lọ sí ìdí àtẹ àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Kì í ṣe ẹni tí ó ra ìwé nìkan ni ó ń kà á. Àwọn tí kò ra nǹkan kan dúró yí àtẹ náà ká, ẹnì kan ń ka àkọlé sókè, ọ̀kan ń jiyàn, ọ̀kan ń fi ti ìlú rẹ̀ kún un. Nígbà tí wọ́n bá tú ká, olúkúlùkù ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni rédíò ń ka kókó inú ìwé ìròyìn fún ìyá tí kò mọ̀wé. Ẹ̀dà kan ń bọ́ ẹnu púpọ̀. Ohun tí a bá tẹ̀ síbẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìwé ìròyìn Yorùbá kọ̀ọ̀kan ya ojú-ìwé kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n má sì ta á fún ìpolówó. Kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó àti Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìmọ̀ òkè òkun tí àwọn ẹbí wọn kò lè kà, kọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ̀rin kan lọ́dún fún àwọn ẹbí náà. Kí akọ̀ròyìn jókòó tì í, kí ó máa sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibí yìí kò tíì yé mi,” títí yóò fi yé e. Àwọn onímọ̀ èdè ti tẹ ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde láti ọdún 1984. Kí á lò ó níbi tí ó bá ti wúlò. Níbi tí ọ̀rọ̀ kò bá sí, kí á yá a, bí a ti yá ṣọ́ọ̀ṣì, bí a sì ti yá àlùbáríkà, tí ayé kò sì parẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Omi iyọ̀ ọjọ́ náà kò pa ìyá mi. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru wọn nìkan ni ó bà wá fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn tí ara wọn balẹ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹja àti iyọ̀ fún wọn. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní ó yé àwọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé o ti mọ èyí tẹ́lẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní, “Ìwọ tí o ń kọ̀wé sí pépà lójoojúmọ́, kí ni kò jẹ́ kí o ti sọ fún wa?”

N kò rí èsì fọ̀ títí di òní.